Onígbàjámọ̀ Tó Ní Irun Ló Jí Ilẹ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹ̀rín kó ẹjọ́ sí ara mi lọ́rùn níwájú Kábíyèsí. Ìyá Ẹlẹ́wà ló pe Onígbàjámọ̀ lẹ́jọ́, nítorí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà.

"Kábíyèsí, ilẹ̀ yẹn ti kú nígbà tó fún mi. Koríko gan-an ò hù níbẹ̀. Ó ní kí n máa fi dáko títí á fi sú mi. Mo gbin ẹ̀wà. Tí mo bá kórè tán, mi ò kì í fà á tu, ńṣe ni mò ń gé e, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà sínú ilẹ̀, kí ewé rẹ̀ bò ó. Bí ilẹ̀ ṣe jí báyìí, ló bá lé mi, ó gbin àgbàdo. Àgbàdo ọ̀hún ti ga ju òrùlé lọ! Ibẹ̀ nìkan ni mo sì ti ń rí oúnjẹ àwọn ọmọ mi."

"Onígbàjámọ̀, òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, Kábíyèsí! Kí ni ẹ̀wà fẹ́ ṣe fún ilẹ̀? Kò wúlò fún ilẹ̀, kò wúlò fún ara. Irun ló ṣiṣẹ́ yẹn."

"Irun kẹ̀?"

"Irun orí àwọn oníbàárà mi. Mò ń gbá a dà síbẹ̀. Irun olówó wà níbẹ̀, irun tíṣà wà níbẹ̀. Ṣé irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ò ní ga?"

Bíríkìlà tó jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ fò dìde. "Ojú mi ló ṣe. Irun tèmi gan-an wà níbẹ̀!"

Olóyè kan wo orí rẹ̀ tó ń dán. "Ìwọ tí orí rẹ ti pá kí n tó joyè? Irun wo?"

"Irùngbọ̀n ni mo ní lọ́kàn, bàbá."

Ìyàwó Onígbàjámọ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Inú tìmùtìmù tí à ń jókòó lé ni ọkọ mi ń kó irun sí. Wọn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo gbin àgbàdo. Ẹran ti wọ́n, ẹ̀wà ló ń gbé wa ró nílé. Àwọn gan-an ló ń jẹ abọ́ méjì, tí wọ́n tún ń ha ìkòkò."

Onígbàjámọ̀ lanu. "Ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Ẹ̀yìn ìkòkò ni mo wà, baálé mi."

Kábíyèsí wúkọ́. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Onígbàjámọ̀, ẹnu tó ní ẹ̀wà ò wúlò, ẹ̀wà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Àgbàdo ni wàá máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Irun tó o ní ó dára ju ẹ̀wà lọ, òun ni ìyàwó rẹ yóò máa fi se ọbẹ̀ fún ọ, títí wàá fi dá ilẹ̀ padà."

Ìyàwó rẹ̀ ti ń so gèlè. "Ẹ ṣé o, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ gbé ìkòkò kaná."

Onígbàjámọ̀ nà gbalaja síwájú Ìyá Ẹlẹ́wà. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, òjò ti ṣú. Ìgbà wo lẹ fẹ́ wá gbin ẹ̀wà yín?"