Ohun tí Ẹ̀rọ Mi Rí ní Àpòmù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ọjọ́ alẹ́, ọjọ́ tí èmi, odidi dókítà afẹ́fẹ́, fojú ara mi rí ohun tí mo ti ń wá kiri Àpòmù, tí mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì níwájú ọ̀gá mi. Títí dòní, bí mo bá ń rìn lọ lójú títì tí mo rántí rẹ̀, ẹ̀rín á kàn pa mí, àwọn èèyàn á sì máa wò mí bóyá orí mi pé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ìyá mi fúnra wọn ò tíì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n bo ayé bí ìgbà tí èèyàn bá da kúbùsù borí lọ́sàn-án gangan, tí ooru fi ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ mi ni láti mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti ibi tí wọ́n ti ń wá. Nígbà tí mo gboyè, ìyá mi ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì kéde pé ọmọ àwọn ti di dókítà. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀yìn ríro àti ẹsẹ̀ wíwú wá bá mi. Mo ní n kì í ṣe dókítà tó ń wo aláìsàn, afẹ́fẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò. Bàbá kan wò mí tàánú-tàánú, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ náà ń ṣàìsàn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mirí, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kàwé jù.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì, Pròfẹ́sọ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ń wá ibi tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ kan sí, tí yóò máa yẹ afẹ́fẹ́ wò tọ̀sán-tòru, jìnnà sí èéfín ìlú ńlá. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí á gbé e sí Àpòmù, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Mo ní olè ò lè débẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí ohun tí ẹ̀rọ náà ń kó wá bá nítumọ̀, èmi ni wọn yóò fi ṣe alábòójútó rẹ̀, n ó sì di òṣìṣẹ́ gidi, bí kò bá nítumọ̀, wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn, iṣẹ́ náà á sì bá a lọ. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé mò ń lá a lálàá.

Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ náà sókè, ìyá mi bi mí pé kí ló ń ṣe. Mo ní, "Mọ́mì, ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́ ni."

"Bí kò bá wá rí i ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn."

Wọ́n ní, "Kò ní bọ́." Mo rò pé wọ́n kàn ń tù mí nínú ni.

Láti Ìbàdàn, níbi tí yunifásítì wa wà, ni mo ti ń wo ohun tí ẹ̀rọ ń rí lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìlà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ látọ̀sán dòru, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìdájí, ìlà náà á yọ iké, á sì tún wálẹ̀ padà. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Onímọ̀ tó gbọ́n ì bá kọ́kọ́ rò pé nǹkan kan ń dí ẹ̀rọ òun lọ́wọ́. Èmi rò pé òkìkí dé. Mo pe ọ̀gá mi, mo ní mo ti rí orísun gáàsì kan ní Àpòmù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Wọ́n ní, "Ó ga o. Ibo ló ti ń wá?"

Mo ní n ò tíì mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wá a, àwọn ń bọ̀ wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀.

Bí mo ṣe sáré wálé nìyẹn. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọ̀pá rọ́bà kọ́rùn, mo jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí lọ, nítorí omi ẹ̀gẹ́ tó bá dúró pẹ́ a máa mú gáàsì jáde. Wọ́n rí mi bí mo ṣe ń ki rọ́bà bọ kòtò omi ẹ̀gẹ́ wọn, ọ̀kan sì figbe ta: "Wolé-wolé dé o!" Kí n tó ṣẹ́jú, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹni tó ń bo agbada ń bo agbada. Ìyá kan bu gàrí gbígbóná sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ wa."

Mo ní, "Mà, n kì í ṣe wolé-wolé."

Wọ́n ní, "A mọ̀, sà. Bí wọ́n ṣe máa ń wí náà nìyẹn."

Ẹ̀rọ mi ò rí nǹkan gidi níbẹ̀. Mo gba gàrí náà ṣá, irọ́ ò dáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo rántí pé ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ a máa gùnfẹ̀, gáàsì sì pọ̀ nínú ìgùnfẹ̀ rẹ̀. Alájì tí ilé wọn kọjú sí tiwa ń sin àgbò rẹpẹtẹ de Iléyá. Mo pàdé wọn bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí àsùbáà bọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìdájí o, Alájì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn àgbò yín máa ń gùnfẹ̀ ní ìdájí?"

Alájì wò mí títí. "Sùbúhánà-lláhì! Ọmọ Ìyá Àdúrà, ṣé ìwé yìí ò ti pọ̀ jù báyìí?"

Síbẹ̀ wọ́n ṣílẹ̀kùn ọgbà ẹran fún mi, nítorí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àdúrà. Mo na rọ́bà sí ẹnu àgbò kan tó jọ onísùúrù. Ó gbóòórùn rọ́bà náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo fà, òun náà fà. Ló bá jù ú sílẹ̀ lójijì, mo fìdí jókòó sínú ìgbẹ́ ẹran, kí n sì tó dìde, ó ti kàn mí níwo. Alájì di ògiri mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ó ti gùnfẹ̀ àbí kò tíì gùnfẹ̀?"

Mo yọ fóònù láti wo ẹ̀rọ ilé. Iké ti yọ. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nìyẹn: ìgbà tí mo bá ti jáde lọ wá a gan-an ló máa ń yọ. Tí mo bá sì padà délé, ìyá mi á ti lọ sí ìsìn àárọ̀, ilé á máa ta sánsán fún tùràrí, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Òórùn ilé wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí sínú òórùn, kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀gá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi fi iyán gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì sùn sílé wa. Wọ́n ní tó bá di ìdájí, a ò ní lọ síbì kankan. Ìdí ẹ̀rọ la máa jókòó sí. Ọgbọ́n kékeré yìí, n ò mọ ìdí tí kò fi wá sí mi lórí.

Bí a ṣe ń rọra gun àtẹ̀gùn ní ìdájí, ọ̀gá mi ń wo ìlà lórí fóònù wọn. Wọ́n ní, "Ó ti ń lọ sókè." Wọ́n gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. "Ó ń lọ sókè gan-an!" Mo ṣílẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Ìyá mi ló dúró níbẹ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Wọ́n di ẹ̀wọ̀n àwo tùràrí mú, èédú inú rẹ̀ pọ́n yòò, wọ́n ń fì í yí ẹ̀rọ mi ká, èéfín sì ti bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. "Jèhófà! Ẹ̀rọ tí ọmọ mi gbé síbí, má jẹ́ kó wá a tì! Ohun tó ń wá, jẹ́ kó rí i! Jẹ́ kó rí i lọ́pọ̀lọpọ̀!" Wọ́n wá gbé àwo náà sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ gẹ́lẹ́, kí àdúrà má baà ṣìnà. Ìlà orí fóònù ọ̀gá mi fò sókè.

Ìyá mi ò tilẹ̀ lajú. Wọ́n ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, ilẹ̀ mímọ́ ni." Mo bọ́ bàtà. Pròfẹ́sọ̀ náà bọ́ tiwọn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn sì yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu. A dúró bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé, à ń ṣe àmín.

Nígbà tí àdúrà parí, mo ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe èyí?"

"Láti ọjọ́ tó o ti gbé e wá ni. Ṣebí o ní iṣẹ́ rẹ á bọ́ tí kò bá rí nǹkan. Ṣé ó ti ń rí i?"

"Ó ń rí i, Mọ́mì. Ẹ̀yin ló ń rí."

Ọ̀gá mi kọ̀yìn sí wa, èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ìbínú ni. Ìgbà tí wọ́n yíjú padà ni mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa wọ́n, omijé ń dà lójú wọn. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún gún mi lọ́kàn: ìyá mi tí orúnkún ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn yẹn ní ìdájí ojoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ tí kò yé wọn. Mo dì mọ́ wọn, tòun ti èéfín.

Ọ̀gá mi fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sun tùràrí náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, ìlà ẹ̀rọ tẹ́ bí ilẹ̀ yàrá. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àfi bí ọ̀gá mi ṣe pè, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí nǹkan kan ò bà jẹ́ gan-an ni àwọn ń wá, kí àwọn lè fi ti ìlú ńlá wé e. Wọ́n fún mi níṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju pé kí èèyàn tó máa ki rọ́bà bọ ẹnu àgbò onílé, kó kọ́kọ́ gbóòórùn ilé tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá mi jáde jẹ́rìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọmọ àwọn ń wá nǹkan kò rí i, àwọn sun tùràrí sí i, ó rí i, ọmọ sì ríṣẹ́. Mo mọ̀ dájú pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọ dáhùn, ohùn èmi onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Alelúyà rẹ̀ ròkè jù.