Ọládiméjì Fi Lọ́jíìkì Tọrọ Yàrá

Láti ìgbà tí Ọládiméjì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́jíìkì ní yunifásítì ní Samaru, lókè ọya, ni ẹnu ti ń yún un. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í sùn sínú ẹnu. Kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà ní họ́sítẹ́lì, ọ̀rẹ́ tí wọ́n sì jọ ń sùn lórí ẹní kan ní Hayin Dogo ti ní kó máa lọ, nítorí àríyànjiyàn ẹ̀ kò jẹ́ kí òun sùn. Ló bá gbé àpò ẹ̀, ó di Sabon Gari, ọ̀dọ̀ Ìyá Sarat, àbúrò ìyá ẹ̀. Ìyá Sarat ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí àtẹ. Ọkọ ẹ̀, Alhaji Yàkúbù, wà ní yàrá, ibà ti dá a dùbúlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ara Alhaji ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ó ti gbọ́ pé ò ń wá ibi tí wàá sùn, ó ní kí n fún ẹ ní yàrá ìta. Gba kọ́kọ́rọ́."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, ó nà án sí i. Ọlọ́gbọ́n á gbà á, á dọ̀bálẹ̀, á lọ tẹ́ ẹní. Ọládiméjì wúkọ́ bíi tísà.

"Ẹ má tíì fún mi, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín pé ó tọ́ sí mi."

"Ta ló bá ẹ jiyàn?"

"Ní lọ́jíìkì, ohun tí ẹ bá gbà láìsí ẹ̀rí, ẹ ò tíì gbà á."

"Haba! Mo ti gbà, o ní n ò tíì gbà?"

"Ẹ gbọ́ ná. Gbogbo ọmọ ilé ló yẹ kó ní ibi tí yóò sùn. Ọmọ ilé yìí ni mí. Nítorí náà?"

"Nítorí náà, gba kọ́kọ́rọ́!"

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n!"

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti nawọ́. Ọwọ́ ro Ìyá Sarat, ó so kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ etí ìró.

"Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín náà nìyẹn?"

"Ó kù, mà. Gbogbo ewúrẹ́ ló ń jẹ koríko—"

"Irọ́ ni. Tèmi kì í fẹnu kan koríko. Ìrẹsì mi ló ń jẹ."

"Bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, kò kàn wá, mà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn là ń wò."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Bàbá ẹ ta oko kó o lè lọ síbi tí òótọ́ ò ti kàn yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọládiméjì wọ egungun. Ó wá èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè já. Olùkọ́ wọn ti ní kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀ sí i, kó lè tètè yé èèyàn.

"Ó dáa. Òótọ́ pọ́ńbélé rèé. Gbogbo ènìyàn ni yóò kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la ó padà sí."

"Alhaji Yàkúbù, ènìyàn ni."

"Ènìyàn dáadáa ni."

"Nítorí náà, Alhaji Yàkúbù yóò kú."

Àtẹ dojú dé. Ìrẹsì fọ́n ká ilẹ̀.

"Áúsù bílláhì! Yóò kí ni?"

"Ẹ ti gbà á, mà! Ẹ gba ti òkè, ẹ gba ti àárín—"

"N ò gba ti ìsàlẹ̀! Ọkọ mi ń gbọ̀n nínú ilé, ìwọ dúró síbí, ò ń pe ikú lé e lórí?"

"Èmi kọ́, mà. Lọ́jíìkì ni."

"Ẹnu ta ló ti jáde?"

Alhaji wúkọ́ nínú yàrá.

"Ó ti gbọ́! Kai, o ti pa mí!"

"Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé ikú ń bẹ, mà?"

"Ta ló ní kò sí? Ìwọ ni akọ̀wé ẹ̀ ni?"

Ojú Ọládiméjì ò kúrò létí ìró tí kọ́kọ́rọ́ wà.

"Ẹ máà bínú, mà. Mo yọ Alhaji kúrò. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í pa èèyàn. Ẹnikẹ́ni la lè fi sí i."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, mà."

"Tò, ó dáa. Fi ara ẹ sí i."

Ọládiméjì rẹ́rìn-ín. Èyí tó rọrùn jù nìyẹn. Ó nà ró ṣánṣán.

"Gbogbo ènìyàn ni yóò kú."

"Mò ń gbọ́."

"Ọládiméjì, ènìyàn ni."

"Ìyẹn ò tíì dá mi lójú. Máa bá a lọ."

"Nítorí náà, Ọládiméjì yóò..."

Ahọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Nítorí náà, Ọládiméjì..."

"Ọládiméjì kí ni? Parí ẹ̀!"

"Nítorí náà, Ọládiméjì yóò pẹ́ láyé."

"Àmín!" Ìyá Sarat gbé àpò ẹ̀, ó gbé e kọ́ ọ léjìká. "Wàá pẹ́ láyé, wàá hu ewú, wàá fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ilé mi."