Moshood, Ògbufọ̀ Òṣèré Finland

Bí irọ́ bá ń mú èèyàn sanra ni, Moshood ì bá ti bẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Moshood kì í wà níjòókòó kí ẹlòmíràn mọ nǹkan. Ọdún méjì péré ló fi kàwé ní Finland kó tó já sí Houston, ṣùgbọ́n nígbà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ Làdíátù ìyàwó ẹ̀, ohun tó sọ fún un ni pé òṣèré ńlá lòun ní Finland.

Ní 1994, tíátà kan lẹ́bàá Galleria, ilé ìtajà ńlá kan ní Houston, pe Urho Makisalo, bàbá arúgbó ará Finland tó ti fi ogójì ọdún ṣeré lórí ìtàgé àti nínú fíìmù, kó wá sọ ìtàn ayé ẹ̀.

"Urho kẹ̀?" ni Moshood wí ní mọ́ṣáláṣí. "Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣeré! Bí n ò bá gbá a lẹ́yìn, kì í lè jáde sórí ìtàgé!"

Inú Àlùháájì Mákánjúọlá, alága ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wọn, dùn. "Ó yá, gbogbo wa là ń lọ!"

 Àwọn mẹ́tàdínlógún ló há ara wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì kan láti àdúgbò Fondren.

Wọn ò tíì jókòó tán tí Helen, olùdarí ètò, fi sáré jáde. Ó ní ògbufọ̀ ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí freeway! Ta ló gbọ́ èdè Finland níbí?

Ìka mẹ́rìndínlógún nà sí Moshood. Làdíátù gan-an ló tì í dìde, ló bá lọ dúró ti Urho lórí ìtàgé.

Bàbá sọ̀rọ̀ títí. Ọ̀rọ̀ èdè Finland kan ṣoṣo tó kù lágbárí Moshood ni "ẹ ṣeun".

"Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Bàbá tún sọ̀rọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun gan-an ni!"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ni Moshood bá tú àpò irọ́: wọ́n ní apẹja làwọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹja gbé ṣòkòtò àwọn mì, wọ́n ní ìhòòhò làwọn fi ṣeré ọba! Gbọ̀ngàn fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Bàbá fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ojú.

"Ẹ wò ó!" ni Moshood wí. "Ẹ̀rín ti pa wọ́n dójú omijé!"

Bàbá rọra gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, díẹ̀díẹ̀. "Èdè yín wúwo lẹ́nu mi, àmọ́ etí mi gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìyá mi kú ni mò ń sọ."

 Moshood bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà.

Làdíátù dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin àti ọkọ mi ti jọ ṣeré rí?"

Bàbá wo Moshood látòkè délẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Rárá o, màdáàmù, àfi tòní yìí. Èmi sọ òótọ́, òun ló ṣeré."