Agbẹnusọ Àgbà Fẹ́ Fi Atẹ́gùn Ṣe Àtẹ̀gùn

Bí ẹ bá wọ ìlú wa lọ́sàn-án, tí ẹ gbọ́ ohùn kan tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ má sá. Kì í ṣe kìnnìún, ilé kankan ò sì wó. Onígbàǹjo wa ló ń ta àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnìkan bá ń kó kúrò nílé, tàbí tí ṣọ́ọ̀bù kan bá kógbá sílé, òun ni wọ́n ń pè kó wá lu ẹrù wọn ní gbàǹjo. Yóò gun orí àpótí, yóò gbé òòlù pákó kékeré sókè, yóò sì fi ẹnu sọ ìkòkò tó ń jò di ohun tí ọba fi ń bu omi mu. Ẹni tó wá ra ṣíbí lè ru kọ́bọ́ọ̀dù lọ sílé. Ẹnu rẹ̀ dùn, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, orí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wú.

Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ Agbẹnusọ Àgbà. Ẹnikẹ́ni ò yá ẹnu rẹ̀ lò o, ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá wà ní gbọ̀ngàn ìlú, yóò ti jókòó síwájú kí wọ́n tó ṣí fèrèsé. Lójú rẹ̀, a máa ń kì í pé: "Agbẹnusọ Àgbà! Odò ọ̀rọ̀ tí kì í gbẹ! Òkè tí ń fọhùn!" Bó bá ti kọjá, Agbẹnusọ Ikùn là ń pè é. Ikùn rẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún, ikùn náà ló sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn wá sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Òpó gàgàrà ni ẹ̀rọ náà, abẹ́bẹ̀ ńlá mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń yí i, iná mànàmáná yóò máa jáde. Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹni tó bá ni ilẹ̀ òkè yóò máa gba owó lọ́dọọdún.

Àwọn kan láàárín wa ò fẹ́ ẹ. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ilé wọn wà lẹ́bàá òkè, wọ́n sì ń bẹ̀rù ariwo tí yóò máa dún sí wọn létí láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó ni òkè ni ẹ̀gbọ́n Agbẹnusọ gan-an, aránṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lórí òkè ló ń gbé, láàárín àpáta àti ewúrẹ́, ó sì ti sọ fún wa pé òun ò tíì mọ èyí tí òun fẹ́ ṣe. Agbẹnusọ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀ létí odò, ilẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, tó jẹ́ pé bí o bá gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ síbẹ̀, ewé lo máa bá lórí rẹ̀.

Nígbà tí Agbẹnusọ gbọ́ "lọ́dọọdún", ó dákẹ́. Ó yẹ kí a ti fura níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló gun àpótí rẹ̀ ní iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ará ìlú! Ariwo ẹ̀rọ yìí á wọ èèyàn lágbárí! Adìẹ ò ní yé mọ́! Wàrà á bà jẹ́ nínú ọmú màlúù! Irun orí ọkùnrin á máa re!"

Bàbá aládìẹ kan tó dúró nítòsí fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, tó ń dán bí àwo. "Èmi ńkọ́, tí ẹ̀rọ ò tíì dé?"

"Irun tìẹ gbọ́ pé ó ń bọ̀," Agbẹnusọ dáhùn, "ló bá yáa sá ṣáájú!"

A rẹ́rìn-ín títí. A sì gbà á gbọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó kọrí sí òkè, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ìyẹn, ó ń gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹnìkan sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yẹn dé, ẹ ò ní gbádùn níbí."

Obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Tí mo bá ní n ò fẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ariwo mọ ààlà ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín ru ẹrù yìí. Ẹ gba ilẹ̀ mi létí odò, kí n gba òkè. Èmi, etí mi yi."

"Ilẹ̀ etí odò? Àbúrò mi, ṣé ara rẹ dá?"

"Àánú yín ló ń ṣe mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà wo òde láti ojú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta ọgbà tó wà níta yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbà. Wọ́n lọ bá lọ́yà, wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó kó máṣíìnì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó sunkún débi pé ẹni tó bá a ru ẹrù sunkún pẹ̀lú. Gbogbo ìlú ń yin àbúrò rẹ̀: "Ẹ wo aláàánú èèyàn!" Aláàánú náà ń mi orí, ó ń gba ìyìn, ó ń rìn lọ bí ẹni tó gbé ẹyin sí abíyá.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò yìn ín.

"Ẹ fi ilẹ̀ tó ń bọ́ wa pààrọ̀ àpáta?"

Agbẹnusọ ti ilẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, tí o bá rí nǹkan tó wù ọ́ níbi gbàǹjo, kí lo kọ́kọ́ ń ṣe?"

"Mo máa ń yẹ àpò mi wò."

"Rárá o! O máa bú u ni! O máa ní kòkòrò ti jẹ ẹ́, kí ẹni tó ni ín lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ti bú òkè, mo ti gba òkè. Ẹ̀rọ ló kàn báyìí. Màá bú u títí àwọn tó ni ín á fi wá bẹ̀ mí nínú ilé mi yìí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀ mí dénú, màá ní ó dáa, nítorí ìtẹ̀síwájú ìlú. Atẹ́gùn yẹn, àtẹ̀gùn ni màá fi ṣe, mo sì máa gùn ún dókè!"

"Hun," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àtẹ̀gùn a máa yọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ o."

Obìnrin yìí sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Nígbà náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ni.

Agbẹnusọ bá tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó kó wa jọ, ó kọ́ wa lórin, ó ní kí a kun pátákó. Bàbá aládìẹ kọ "ADÌẸ WA Ò FẸ́ ARIWO" sára ìtẹ́ adìẹ rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí iwájú ilé-iṣẹ́ náà, Agbẹnusọ sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí òjò fi rọ̀ tí ó fi dá, kò kúrò lórí àpótí. Ẹnjiníà náà jáde wá, ó dúró nínú òjò, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti gbọ́."

Agbẹnusọ ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọn ò sọ fún wa pé ẹni tó bá pariwo jù, tara rẹ̀ lè gbọ́ kó sá lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lọ́jọ́ ìpàdé ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà pè, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Agbẹnusọ ti fi òróró pa bàtà, ó ti múra ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbà nítorí ìtẹ̀síwájú ìlú. Ẹnjiníà dìde.

"Ẹ̀yin ará ìlú, a gbọ́ yín. Bàbá yìí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ wá lára. A ò ní gbé ẹ̀rọ kankan sórí òkè yẹn mọ́ láé."

Agbẹnusọ fò dìde lórí àga. Ẹnjiníà ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ.

"Ilẹ̀ ìlú tó wà lórí òkè kejì, tó jìnnà sí ilé gbogbo yín, ni a fẹ́ bẹ̀ yín fún. Kì í ṣe ti ẹnìkan. Owó ọdọọdún á máa bọ́ sápò ìlú, fún ilé ìwòsàn àti ilé ìwé."

Gbọ̀ngàn hó yèè! Kí Agbẹnusọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, a ti gbé e sí èjìká. Bàbá aládìẹ di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú. "Agbẹnusọ Àgbà! Òkè tí ń fọhùn! Olùgbàlà adìẹ!"

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!" ló ń ké lókè. "Ẹnjiníà! Ẹ má gbọ́ tiwọn! Ẹ gbé e wá sórí òkè mi!"

Ẹnjiníà wò ó. "Ariwo ńkọ́, bàbá?"

"Ariwo wo? Ohùn jẹ́jẹ́ ni! Bí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún!"

"Adìẹ ńkọ́?" bàbá aládìẹ béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Á máa yé méjì-méjì!"

"Irun orí mi ńkọ́?"

"Á hù!"

A bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wa lójú. A ṣì gbé e dání, ṣùgbọ́n apá ti ń ro wá.

"Ẹ ò lè ṣe mí báyìí!" Ohùn rẹ̀ ti ń há. "Nítorí owó òkè yẹn ni mo ṣe fi ilẹ̀ etí odò sílẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹyin ni, ó ti fọ́. Rọra la sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni ń gbé ẹrù olówó padà. Láàárín àwọn obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde.

"Àbúrò mi, ṣebí o ní àánú mi ló ṣe ọ́?"

Agbẹnusọ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Alága béèrè àwọn tó fara mọ́ òkè kejì. Ọwọ́ gbogbo wa lọ sókè. Ó béèrè ẹni tó takò ó. Ọwọ́ kan ló nà, ti Agbẹnusọ. Látìgbà tó ti ń tako ẹ̀rọ atẹ́gùn kiri, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó tako nǹkan látọkànwá.

Ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lójú gbogbo wa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé a ní láti na ọrùn ká tó gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ padà."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wọn aṣọ. Àánú rẹ̀ ṣe é, a rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń pa á.

"Mo sunkún kí n tó kúrò lórí òkè, mi ò lè tún máa sunkún kí n tó kúrò létí odò. Àgbàdo mi ti gbó níbẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ ya á. Bí ojú ilẹ̀ yẹn bá ń yun ọ́, mú apẹ̀rẹ̀ wá, kó o wá ràn mí lọ́wọ́. N ò ní jẹ́ kó o lọ lọ́wọ́ òfo."

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn tó wà lọ́nà oko gbọ́ ọ. Agbẹnusọ gba àárín wa kọjá lọ sílé, kò kí ẹnikẹ́ni. A ní ó parí, a ò ní rí i létí odò láé, ìtìjú ò ní jẹ́ kó wá.

Ó wá. Apẹ̀rẹ̀ tó tóbi jù nínú ilé ló gbé dání.