Ọsàn Tí Mo Já fún Àlájà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó: ọjọ́ tí mo ró ìró gun igi ọsàn, tí mo sì sọ̀ kalẹ̀ láìní ìró. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí bí mo bá sáré sọ ọ́, ẹ ó rò pé orí mi ò pé.

Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkọ mi ni, ó sì mú mi wá sí abúlé wọn tí kò jìnnà sí Ìlá. Ọsàn ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ọsàn ni wọ́n fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán ọmọ nílé ìwé, bó bá sì ti gbó, èèyàn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn. Lọ́dún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa, òjò ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ò lè wọlé, ọsàn ìyá ọkọ mi sì jẹrà sábẹ́ igi. Ọkọ mi ní òun ò rí i kí ìyá òun sunkún bẹ́ẹ̀ rí, àfi ìgbà tí bàbá wọn kú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń retí Àlájà, oníbàárà wọn tó ń gbé ọkọ̀ ńlá wá láti Ìlọrin.

Ọjọ́ tí Àlájà dé, èmi nìkan ló wà nílé. Ìyá ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ọ̀rà nítòsí wa, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo pe Ìyá lórí fóònù, kò wọlé. Mo ní ṣebí èmi náà ti di ìyàwó ilé, kí ni mi ò lè ṣe?

Àṣà wọn ni pé onílé ló ń já ọsàn ìtọ́wò. Á bó o, á gé e sí méjì, á kọ́kọ́ mu ìdajì lójú oníbàárà kó tó fún un ní èyí tó kù. Ojú onílé ni oníbàárà máa ń wò. Igi kan sì wà níwájú ilé gan-an, ọsàn orí rẹ̀ pọ́n, ó tóbi, ó ń dán. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wá nínú oko? Mo já ọ̀kan, mo bó o dáadáa, mo kúnlẹ̀, mo fi ìdajì sẹ́nu.

Ọsàn náà kan débi pé etí mi hó. Ṣé kí n wá tu ú dànù lójú Àlájà ni? Mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí o ń sunkún?"

"Ó dùn púpọ̀ ni, mà."

Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì fi tiwọn sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀. Wọ́n tu ú, wọ́n nu ẹnu, wọ́n yíjú sí dẹ́rẹ́bà wọn. "Ṣáná sí ọkọ̀, ká lọ wo ti Ọ̀rà."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ọsàn Ìyá tó tún ń jẹrà sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nítorí tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró díẹ̀, mo sáré sẹ́yìn ilé, mo rí igi kan tí ẹyẹ ti sọ ọsàn rẹ̀, mo ní èyí ò lè kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti já gbogbo ti ìsàlẹ̀. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti gun igi kẹ́yìn. Mo gun ún.

Ibi tí mo fọwọ́ dì mú lókè ni àwọn èèrà pupa fi ewé ṣe ilé sí. Wọ́n wọ irun mi, wọ́n wọ ọrùn mi, wọ́n bu ètè mi jẹ. Mo kígbe. Bí mo ṣe ń jà, ẹ̀gún ọsàn fa ìró mi, ìró tú, ó dúró sórí ẹ̀ka, ó wá ku èmi àti yẹ̀rì. Dẹ́rẹ́bà tó sáré ṣáájú Àlájà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Igi ń mì, ọsàn ń já bọ́, ọ̀kan sì bá Àlájà lórí.

Wọ́n di orí mú, wọ́n wò mí lókè. Ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n títí wọ́n fi jókòó sórí gbòǹgbò. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́bẹ, wọ́n gé ọsàn tó bà wọ́n lórí, wọ́n mu ún, wọ́n tún mu ún.

"Èyí dùn o. Kí lo wá fún mi mu lẹ́ẹ̀kan?"

Ìgbà yẹn ni Ìyá sọ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n gbọ́ ohun tí Àlájà bi mí, wọ́n wo ìró, wọ́n wò mí. "Igi iwájú ilé ló já," ni wọ́n wí fún Àlájà.

Bàbá ọkọ mi ló lẹ ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ti òkè kú, kíkan ìsàlẹ̀ sì hù gba igi. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún àgbo ibà. Kò sọ́mọ abúlé náà tí kò mọ̀. Ìyá ṣàlàyé, Àlájà gbà, ọkọ̀ sì kún kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá ń fi òrí pa ojú mi. Inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n tún bu òrí sọ́wọ́.

"Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti gbàgbé pé ibòmíràn ni wọ́n ti bí ọ."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí gbogbo ará ilé mọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí sọ ọ́ fúnni. Ńṣe ni kéèyàn béèrè, àgàgà níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ṣá, ìbínú mi ò rí ibi dúró mọ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi tó wú ò jẹ́, mo bá rọra ń fi imú rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́ Ìyá.