Ẹja Tó Jẹ Àlùbọ́sà ní Mørkvatn

Bàbá Gunnstein gbé ẹja pamọ́ sínú ẹ̀wù òtútù, ó ń sáré lọ sétí omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹja inú fíríìsà, tó ti dì gbagidi!

Kò gbé e lọ jẹ o. Ó fẹ́ lọ fi í sínú omi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Òjò kíkan ló pa Mørkvatn, adágún wa. Èéfín ilé iṣẹ́ àwọn ará òkèèrè ló bá òjò wá, omi kan gógó, ẹja inú ẹ̀ kú pátápátá. Láti kékeré mi ni ìjọba ti ń da ẹfun sí i kí kíkan náà lè rọ̀, wọ́n sì ń rán Ingunn, ọmọbìnrin tó ń ka ẹja, wá dẹ àwọ̀n wò. Ọdún méjì léra wọn, òfo. Bí tọdúnnìí bá tún ṣófo, kò sí ẹfun mọ́, ó parí nìyẹn. Inú omi yìí sì ni bàbá tó bí Gunnstein ti kọ́ ọ ní ẹja pípa. Kò ní gbà láéláé.

Ingunn ti dẹ àwọ̀n méjì nírọ̀lẹ́ àná, ó ṣì ń sùn. Èmi aládùúgbò ni mo tukọ̀.

"Bàbá, ẹja yìí le bí òkúta!"

"Panu mọ́, tukọ̀. Omi á yọ́ ọ."

A fa àwọ̀n àkọ́kọ́ sókè. Kí ni mo rí? Ẹja gidi! Kò ju ìka mi lọ, ó ń jà pẹrẹpẹrẹ.

"Bàbá! Ẹja rèé!"

Ó wò ó, ó pòṣé. "Èyí náà lẹja? Wọ́n á ní a fẹ́ fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó tú u, ó jù ú nù. Pùkẹ́! Ó fi ti fíríìsà rọ́pò. Èmi náà sì ní ọgbọ́n ńlá ni. Òmùgọ̀ méjì nínú ọkọ̀ kan!

Nígbà tó di aago mẹ́jọ, Ingunn fa àwọ̀n náà.

"Háà! Ẹja! Ìyanu dé!" Bàbá ń jó, ọkọ̀ ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀.

Ingunn wọn ẹja, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró.

"Bàbá, òwú ni wọ́n fi rán ikùn ẹ̀."

"Bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí."

Ingunn yọ ọ̀bẹ. Fàá! Àlùbọ́sà tú jáde. Ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Bọ́tà ló gbẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹja yín jẹ àlùbọ́sà."

"Ẹfun yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o!"

"Ó sì kọ́kọ́ rẹ́ ẹ wínníwínní kó tó jẹ ẹ́?"

"Ẹja wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi ṣubú sómi! Lójú ẹsẹ̀ náà ni ìyàwó ẹ̀, Màmá Torborg, pariwo láti etí omi: "Gunnstein! Ẹja ọjọ́ ìbí mi dà?"

Ingunn mí kanlẹ̀. "Bàbá, ta ló ń wá ẹja ńlá? Ọmọ ẹja là ń wá. Ẹyọ kan péré, bí ìka, ẹ̀rí pé wọ́n ti ń bímọ níbí nìyẹn. Wọn ì bá da ẹfun fún yín fọ́dún márùn-ún sí i."

Bàbá wò mí. Mo wo ojú ọ̀run.

"Bí ìka?"

"Bí ìka."

Gbììmù! Bàbá ti bẹ́ sómi, tòun ti ẹ̀wù òtútù!

"Padà wá o! Ọmọ mi dáadáa, mi ò mọ̀ ni! Padà wá!"

Ẹja ló ń bẹ̀ o.

Ibi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ló ti kó sínú àwọ̀n kejì, èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Apá há, ẹsẹ̀ há. Èmi àti Ingunn fà á, a fà á, ó gòkè, ó ń gbọ̀n rìrìrì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀ ni ọmọ ẹja kan, bí ìka, ti ń jà pẹrẹpẹrẹ.

Ẹfun ọdún márùn-ún! Bàbá bú sẹ́kún ayọ̀ nínú àwọ̀n.

Ingunn kò bá a sunkún. Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo yọjú wò ó:

"Àwọ̀n kejì: méjì ló mú. Àkọ́kọ́: ọmọ ẹja, ara rẹ̀ le. Èkejì: akọ, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin. Ohun tó wà níkùn ẹ̀: irọ́ pọ́nbélé."