Imú Bàlúù Tí Mo Fi Lọ Tọrọ Ìyàwó

Ọjọ́ tí mo gun alùpùpù onímú gígùn gba Sapele Road kọjá kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà ní Benin, sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́, ìgbéraga mi sì ju ìwé mi lọ. Mo ń fẹ́ Yétúndé, ọmọ oníṣòwò pákó kan tó ń gbé ní Airport Road. Bàlúù ń fò kọjá lórí ilé wọn, bàbá rẹ̀ kò bínú sí i. Alùpùpù tèmi ló ń bí wọn nínú. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé bí ariwo yẹn bá tún dé ẹnu ọ̀nà àwọn, kí n gbàgbé ọmọ àwọn.

Ilé ìkàwé ni mo ti rí oògùn rẹ̀. Mo kà á pé bí bàlúù bá sáré ju ohùn ara rẹ̀ lọ, gbogbo ariwo rẹ̀ á kó jọ, á sì dún gbàù lórí òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe imú rẹ̀ gùn, tí ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ariwo náà á pín wẹ́wẹ́, á rọra dé bí ìgbà téèyàn ti ilẹ̀kùn. Inú mi dùn. Mo ní kí wẹ́dà fi páànù ṣe imú ṣóńṣó tó gùn jù mí lọ síwájú alùpùpù mi. Pé alùpùpù náà kò lè lé ewúrẹ́ bá, àti pé ìdí rẹ̀ ni ariwo ti ń jáde, n kò rò ó débẹ̀.

Ariwo kò dínkù, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ó dínkù. Lẹ́bàá ọjà Santana, imú gún àpò gàrí kan, gàrí sì ń dà sílẹ̀. Ìyá tó ni ín wò mí, ó ní, "Oga student, na war you dey go?" Níbi tí mo ti ń yí padà láti bẹ̀ ẹ́, imú tún kọ́ agboòrùn aláta. Mo sá, agboòrùn ń ṣáájú mi lọ. Nígbà tí mo dé ilé Yétúndé, mo gbàgbé pé imú yóò débẹ̀ kí n tó dé. Géètì dún gbàmù, gbogbo àdúgbò sì jáde.

Bàbá náà jáde. Ẹ̀rù bà mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ fún mi ní Yétúndé."

Ìrọ̀lẹ́ ni. Yétúndé fọwọ́ bojú. Bàbá wo géètì, wọ́n wo agboòrùn, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé imú bàlúù látòkèdélẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "O mọ̀ pé imú gígùn ló ń jẹ́ kí ariwo rọra dé. Alárinà rẹ dà? Ìkíni ńkọ́? Ta ló ń ju irú ọ̀rọ̀ yìí lu àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Wọ́n ní kí n tún géètì ṣe, kí n sì fẹsẹ̀ rìn padà wá lẹ́yìn alárinà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Alárinà kí ilé, ó kí ọ̀nà, ó kí iṣẹ́ pákó, ó kí àwọn tó ti kú. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn kó tó dárúkọ mi. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ́gbọ́n. Láìpẹ́ yìí mo wọlé, mo kí Yétúndé ìyàwó mi kú ilé, mo kí i kú ooru, mo béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Dádì, imú èyí mà gùn o. Kí lẹ tún kọ lù?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Géètì wa ni, mọ́tò tirẹ̀ ni mo sì fi kọ lù ú.